Òórùn Tí Imú Wa Kò Gbọ́ Mọ́

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì yẹn, òórùn ló kí mi káàbọ̀ kí ènìyàn kankan tó kí mi. Òórùn bébà gbígbóná ni, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán, àmọ́ nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń ta imú díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá iṣẹ́; lójú tèmi, òórùn owó oṣù nìyẹn.

Tábìlì tí wọ́n fún mi wà ní ìkángun yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ńlá kan tó tún ń ṣe iṣẹ́ pírìńtà fún gbogbo ilé. Bí mo bá na ọwọ́ òsì, mo lè fọwọ́ kan ara rẹ̀. Àǹtí kan ló jókòó sí òdìkejì ẹ̀rọ náà. Òun ló ń bá gbogbo ènìyàn tẹ ìwé, tó ń tò ó, tó ń gún un ní píìnì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mo bi í léèrè:

“Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, kí ló ń rùn báyìí?”

Ó gbé orí sókè, ó fa imú lẹ́ẹ̀mejì. “Èwo? Èmi ò gbọ́ òórùn kankan o, àbúrò mi.”

Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, èmi náà kò gbọ́ ọ mọ́.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Bí imú ṣe rí nìyẹn. Òórùn tó bá ń wá láìdáwọ́ dúró, ọpọlọ á pa á tì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó lè ráyè fún èyí tó bá tún dé. Ìdí nìyí tí àlejò fi máa ń gbọ́ òórùn ilé wa tí àwa onílé kò gbọ́. Ọgbọ́n ńlá ni fún ẹranko tó ń wá oúnjẹ nínú igbó. Fún ẹni tó ń jókòó ti ẹ̀rọ kan fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọgbọ́n náà kò ṣe é láǹfààní: imú á ti dákẹ́, ẹ̀dọ̀fóró á sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ọdún kejì ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ikọ́ tó ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun á kàn máa yún mi ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, bí ẹnìkan bá pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á di ikọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Lóru, àyà mi á fún, èémí mi á máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń súfèé láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́jọ́ Àìkú, ara mi á yá, màá sì gbàgbé. Mo dá ojú ọjọ́ lẹ́bi. Mo dá amúlétutù lẹ́bi pé ó tutù jù. Mo dá eruku lẹ́bi. Mo mu oògùn ikọ́ olómi títí tí mo fi lè di ojú kí n sọ èyí tó wà nínú ṣíbí. Ohun kan ṣoṣo tí n kò dá lẹ́bi ni èyí tó wà lápá òsì mi, tó ń kùn bí oyin láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Dókítà méjì ló kọ oògùn fún mi kí n tó bá ẹlẹ́ẹ̀kẹta pàdé, ìyá àgbàlagbà kan tí kì í kánjú. Ó gbọ́ àyà mi, ó gbé ohun èlò rẹ̀ kọ́ ọrùn padà, ó ní, “Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?” Mo ní iṣẹ́ ọ́fíìsì ni.

“Ó dáa. Níbo gan-an lẹ jókòó sí nínú ọ́fíìsì náà? Kí ló wà nítòsí yín?”

Ìbéèrè yẹn ti pẹ́ láyé ju bí mo ṣe rò lọ. Ní ọdún 1700, dókítà ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Bernardino Ramazzini tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn àrùn tí iṣẹ́ ń fà. Ó gba àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n ń bi aláìsàn: iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ó ti lé ní 300 ọdún. Méjì nínú dókítà mẹ́ta tí mo rí kò bi mí.

Ìyá náà fún mi ní ínhélà, ó sì fún mi ní ike gbọọrọ kan tó ní nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ń pè é ní peak flow meter. Ènìyàn á fa èémí sínú títí àyà á fi kún, á fi ẹnu bo ojú rẹ̀, á sì fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó fẹ́ pa iná àbẹ́là láti òdìkejì yàrá. Atọ́ka kékeré kan á sáré lọ dúró síbi tí agbára èémí náà mọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi. Ó ní kí n má ṣe fo ọjọ́ kankan, kí n má sì ṣe purọ́ fún ìwé.

Mo ṣì ní ìwé náà lọ́wọ́. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, 470. Ọjọ́ Ajé, 460. Ìṣẹ́gun, 440. Ọjọ́bọ̀ nírọ̀lẹ́, 380, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé “ẹ̀rọ ò sinmi láti àárọ̀, ìwé ìpàdé”. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo gba ìsinmi. Fún ọjọ́ méje gbáko, nọ́ńbà náà kò sọ̀ kalẹ̀ kọjá 465. Dókítà fi bírò fa ìlà láti orí nọ́ńbà kan sí èkejì, ó yí bébà náà sí iwájú mi: ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ibì kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ó fara balẹ̀ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ásímà kan wà tí iṣẹ́ ń dá sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní i rí. Òmíràn wà tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, tí iṣẹ́ wá ń tọ́ níjà. Tèmi jẹ́ èkejì. Mo ní in ní kékeré, mo sì rò pé mo ti dàgbà kọjá rẹ̀. “Ó sùn ni,” ni ìyá náà wí. “Nǹkan kan nítòsí yín ló ń jí i lọ́jọ́ iṣẹ́.”

Mo wá lọ kà nípa aládùúgbò mi, ẹ̀rọ tó wà lápá òsì mi.

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni pé tónà, ẹ̀tù dúdú tí ẹ̀rọ náà fi ń tẹ ìwé, kì í ṣe tàdáwà rárá. Ike ni, ike tí wọ́n lọ̀ kúnná débi pé ẹyọ kan rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 5 sí 10 nínú 1000 mílímítà, tí wọ́n sì po èédú mọ́ kó lè dúdú. Ẹ̀rọ á fi iná mànàmáná fa ẹ̀tù yìí lẹ̀ mọ́ bébà ní ìrísí ọ̀rọ̀, á wá mú bébà náà gba àárín rólà méjì kọjá, níbi tí ooru ti tó nǹkan bí 200°C, kó lè yọ́ wọnú rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tí wọ́n ti fi irú ẹ̀rọ yìí tẹ̀ fún yín rí, ike yíyọ́ ni ẹ kà.

Òórùn sì ti wà nínú iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Chester Carlson, ẹni tó dá ọgbọ́n yìí, inú kíṣìnì ilé rẹ̀ ló ti ń yọ́ imí ọjọ́ kó tó rí yàrá kan gbà ní Astoria, ní New York. Ibẹ̀ ni òun àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Otto Kornei, ti rí i ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1938. Aṣọ ni wọ́n fi ń nu pẹrẹsẹ síńkì kan tí wọ́n ti fi imí ọjọ́ bò, kí iná lè wọ ara rẹ̀. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí i, wọ́n wọ́n ẹ̀tù ewéko kan lé e, wọ́n sì fi ooru lẹ ohun tó kù mọ́ bébà onída. Iná, ẹ̀tù, ooru. Mẹ́ta náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí Xerox 914 jáde ní 1959, ooru rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bébà fi lè gbiná nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ohun ìpaná kékeré kan tẹ̀ lé e. Wọn ò pè é ní ohun ìpaná o. “Scorch eliminator” ni wọ́n pè é. Ọlọ́jà kì í jẹ́ pe ọjà rẹ̀ ní oníná.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iná. Nínú ẹ̀rọ ńláńlá àtijọ́, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí agbára iná rẹ̀ ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì. Iná yẹn ń la ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀. Èyí tó máa ń rìn ní méjì méjì á wá so pọ̀ ní mẹ́ta mẹ́ta. Ósóònù nìyẹn. Ìgbà tí mànàmáná bá kọ ni ènìyàn tún máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Christian Friedrich Schönbein tó sọ ọ́ lórúkọ láàárín 1839 sí 1840, imú ló fi mọ̀ ọ́n: ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tó túmọ̀ sí “rùn” ló fi sọ ọ́. Lókè réré lọ́hùn-ún, ó ń bá wa dí oòrùn lójú. Nínú ọ̀nà ọ̀fun, bí ata ló rí. Òfin ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 0.1 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ lọ fún wákàtí 8. Àwọn ẹ̀rọ tuntun púpọ̀ ti fi rólà rọ́pò wáyà náà, ósóònù wọn sì ti lọ sílẹ̀ gan-an. Èyí tó ṣì ní wáyà máa ń ní fílítà kan lẹ́yìn tí ń gbé ósóònù mì, èyí tó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ń tún tiwa ṣe fa fílítà rẹ̀ jáde, ó dà bí awọ eku. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?”

Ti ẹ̀tù náà rèé. Bí bébà bá há, Àǹtí ló máa ń ṣí ẹ̀rọ. Á kúnlẹ̀, á fa ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn gbígbóná á lù ú lójú, á sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bébà tó bá fà jáde kí ooru tó kàn án, ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ kò tíì dì. Bí ó bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, á fọ́nká. Á fẹ́ ẹ, fúù, kó tó jù ú sí agbọ̀n. Lẹ́yìn náà á fi aṣọ ìnujú funfun nu imú. Mo rí aṣọ náà lọ́jọ́ kan: ìlà méjì aláwọ̀ eérú, ìlà kan fún ihò imú kan.

Ìyẹn bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé èyí tí imú mú nìyẹn. Èyí tí imú kò rí mú ló tún ní ìtàn nínú.

Ní Brisbane, ní Ọsirélíà, àwọn onímọ̀ kan tí Lidia Morawska wà nínú wọn ń wo bí ẹ̀rọ atẹ́gùn ilé ọ́fíìsì kan ṣe ń dènà èérí láti ìta. Wọ́n bá a pé iye èérún kéékèèké inú afẹ́fẹ́ ọ́fíìsì náà ní àkókò iṣẹ́ tó ìlọ́po 5 ti ìgbà tí kò sí iṣẹ́. Pírìńtà ni. Wọ́n bá kó 62 nínú wọn wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007: 37 kò tú èérún jáde rárá, 17 ń tú u jáde bí ẹni ń tu ẹnu. Òmíràn nínú ẹ̀rọ náà jọ ara wọn lójú, tí ìwà wọn kò jọra. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé púpọ̀ nínú èérún yìí kì í ṣe tónà tó fò jáde. Ooru rólà ló ń sọ àwọn èròjà kan nínú ike àti bébà di oru; bí oru náà bá ti bọ́ sí ìta, á tutù, á sì dì bí ìrì, ní èérún tí kò tó ìdá 1 nínú 10,000 mílímítà. Ẹ to 500 irú rẹ̀ mọ́ ara wọn, wọn ò tíì fẹ̀ ju irun orí kan lọ. Irun imú kò ní agbára lórí nǹkan báyẹn. Ó lè bá èémí lọ títí dé àwọn àpò kéékèèké ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ṣé ká wá kó gbogbo pírìńtà dànù ni? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní Munich, ní Jámánì, àwọn oníṣègùn kó ènìyàn jókòó sí yàrá kan, wọ́n tan pírìńtà tó ń tú èérún púpọ̀ sí wọn, wọ́n sì wọn èémí wọn; ìyípadà tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Mo gbà á gbọ́. Àmọ́ ìjókòó ráńpẹ́ nínú yàrá ìwádìí kì í ṣe ọdún mẹ́sàn-án. Ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni pé ẹ̀rọ máa ń gbọ́ràn bí ènìyàn bá ń wọ̀n ọ́n. Ní nǹkan bí 1980, wọ́n rí i pé èròjà burúkú kan, nitropyrene, wà nínú èédú tí wọ́n ń po mọ́ tónà. Àwọn tó ń ṣe èédú náà yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é padà. Àmì Blauer Engel tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1978, èyí tí wọ́n ń fi sára ọjà tí kì í ba àyíká jẹ́ púpọ̀, ti ń ka èérún tó ń jáde lára pírìńtà báyìí kó tó gbà á wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ fún ọ́fíìsì lè wo àmì yẹn lára rẹ̀ bó ṣe ń wo iye ojú ìwé tó ń tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Kí n tó tọ ọ̀gá lọ, gbogbo wa nínú yàrá náà ti dá ọgbọ́n tiwa. Ẹnìkan gbé òdòdó inú ìkòkò méjì wá. Ó rẹwà, kò sí àníàní. Àmọ́ ìṣirò kan tó jáde ní 2019 sọ pé kí ewéko tó lè ṣe iṣẹ́ tí fèrèsé ń ṣe, ó máa tó láti 10 dé 1000 ìkòkò lórí mítà kan níbùú lóròó. Níbo la ó wá gbé tábìlì sí? Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n lọ́fínńdà inú yàrá, èyí tó ń ta sánsán bí ọsàn. Ìyẹn ló burú jù. Ohun tó ń fún un ní òórùn ọsàn, limonene, bó bá pàdé ósóònù, ọmọ tí wọ́n máa ń bí ni formaldehyde, èyí tí wọ́n ń po sómi láti fi tọ́jú òkú, pẹ̀lú èérún tuntun lórí èyí tó wà nílẹ̀. Ẹni tó ń bá wa gbálẹ̀ náà gbé ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí wá lọ́jọ́ tí tónà dà sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń fà á níwájú, ó ń fẹ́ ẹ jáde lẹ́yìn. Aṣọ tí wọ́n fi omi tútù rẹ ló yẹ kó lò. Omi gbígbóná á yọ́ ike náà mọ́lẹ̀.

Amúlétutù tí gbogbo wa gbójú lé pàápàá, èyí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í mú afẹ́fẹ́ kankan wọlé láti ìta. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń fà, tó ń mú tutù, tó sì ń tú padà. A sì ti tìtorí rẹ̀ ti gbogbo fèrèsé pa. Ohun tí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì bá tú jáde láàárọ̀, tútù rẹ̀ la tún ń mí lọ́sàn-án.

Mo bá kọ lẹ́tà. Kí n sọ òótọ́, orí ẹ̀rọ náà ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Mo so ẹ̀dà ìlà tí dókítà fà mọ́ ọn. Ọ̀gá kà á, ó káàánú mi, n kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ní, “Ibo la fẹ́ gbé e lọ? Ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ikọ́ lọ, nítorí kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ló pinnu ibi tí ẹ̀rọ máa dúró sí. Ẹ̀rọ ló pinnu ibi tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sí. Ibi tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ni wọ́n fún ẹni tó dé kẹ́yìn àti ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù. Yàrá ọ̀gá ní fèrèsé méjì, pírìńtà kò sì sí nínú rẹ̀. Bó bá fẹ́ ìwé, wọ́n á gbé e lọ bá a, ó ti tutù kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọ ọ́fíìsì ẹlòmíràn, ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. N kò tíì bá ọ̀gá kan níbẹ̀ rí.

Oṣù mẹ́rin ni lẹ́tà náà fi sùn. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan tó wá láti òkè wá ṣèbẹ̀wò, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fún wákàtí kan, ó sì ní orí ń fọ́ òun. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni oníná dé. Wáyà mítà mẹ́jọ, iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ti wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí fèrèsé wà lápá méjì. Nígbà tí wọ́n wọ́ ẹ̀rọ náà kúrò, òjìji rẹ̀ kò bá a lọ: ó wà lára ògiri, aláwọ̀ eérú, ní gígùn rẹ̀ àti ní ìbú rẹ̀. Ẹni tó wá kun ògiri bi wá bóyá a máa ń dáná níbẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo fẹ́ 455. Mo ṣì ní ínhélà nínú àpò, mo sì tún máa ń kọ́ ikọ́ bí eruku bá pọ̀. Àmọ́ wọ́n lè pa mí lẹ́rìn-ín báyìí.

Inú Àǹtí kò kọ́kọ́ dùn sí i. Ìrìn ti pọ̀ jù, ó ní, wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ òun ṣòfò nítorí imú ọmọdé kan. N kò dá a lóhùn. Ọdún mẹ́sàn-án rẹ̀ ti di mọ́kànlá. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé pẹ̀lú ìdì ìwé gbígbóná lápá, ó gbé e lé tábìlì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó sì yíjú sí mi.

“Àbúrò mi, kí ló ń rùn báyìí níbẹ̀ yẹn?”